Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sẹ̀ríyà

Àfín ni Sẹ̀ríyà, ìyálé mi. Ogún ọdún gbáko ló fi ń ṣọ́ kòkó tí a sá sórí ẹní l'Áyédé, nínú oòrùn tó ń jó o lára. Kò sẹ́ni tó rò ó wò nínú wa. Nígbà tí egbò kan yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná, ọsibítù ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì rán ojú ọgbẹ́ náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé òmìnira.

Nọ́ọ̀sì Beatrice kìlọ̀ fún wa ká tó lọ: ká máa fi omi iyọ̀ tí a ti sè wẹ̀ ẹ́, ká fi faselíìnì pa á, ká dì í, kí oòrùn má kàn án. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ oníkòkó ni mí. Kòkó tí kò bá gbẹ, ó máa bu ni. Yáyà, ọkọ wa, tí à ń pè ní Bàbá Ṣùáíbù, náà ní ọgbẹ́ tó tutù bẹ́ẹ̀ ti fẹ́ rà. Ni mo bá tú báńdéèjì, mo mú ìyálé mi jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá ẹní kòkó.

Lọ́jọ́ kẹta, èépá bò ó, ó le. Inú wa dùn. Lọ́jọ́ kẹrin, Sẹ̀ríyà la ẹnu kó jẹun, ojú ọgbẹ́ ya, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé àyà rẹ̀. A sáré gbé e padà sí ọsibítù.

Wọ́n tún un rán. Nọ́ọ̀sì ní tó bá tún ya, kò sí awọ tí àwọn máa fà mọ́, ìpéǹpéjú á wọ́ sílẹ̀, ojú yẹn á sì fọ́. Ó bi wá pé ta ló gbé e sóòrùn. Kí n tó lanu, Sẹ̀ríyà ní òun lòun lọ jókòó síbẹ̀ fúnra òun. Mo jẹ́ kí irọ́ náà dúró bí ọ̀dájú.

Láàárọ̀, lálẹ́, mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń pa á, mò ń dì í. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n tún un rán, Yáyà wọlé, ó ní ọgbẹ́ yìí ṣì tutù, ó na ọwọ́ sí báńdéèjì. Mo bọ́ sáàárín wọn.

“Bàbá Ṣùáíbù, èmi ni mo mú un lọ sóòrùn lọ́jọ́sí tó fi ya, kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ n ṣe uṣẹ́ mi tán.”

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó jáde.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá, Beatrice fa òwú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọgbẹ́ ti pa dé. Sẹ̀ríyà ò bèèrè dígí. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé,” ló wí.