Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Kọ́ Lókè Ilé ní Ìkòsí

Bí òjò bá ti rọ̀ sí ọjà Mile 12, òórùn tòmátì tó ti bàjẹ́ àti ti àlùbọ́sà á gòkè wá bá wa nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, lókè ilé alájà méjì kan ní Ìkòsí. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí bí àyà mi ṣe ń já nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun máa ń ṣe nìyẹn. Ọkọ mi ti mú ọmọbìnrin wa ṣáájú lọ sókè òkun. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ sì ti sọ pé bí èsì mi kò bá dé kí oṣù tó parí, àwọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń wo ara wa lórí fóònù, ó pè mí ní "Aunty." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo pa fóònù, mo sunkún débi pé ojú mi wú.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Òun ni mo fi kàwé, òun ni mo sì fi ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, bàbá kan tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun ló ń bi mí ní ìbéèrè. Mo wolẹ̀, mo ń dá a lóhùn ṣókí ṣókí, "Yes, sir," "It is fine, sir," bí wọ́n ṣe tọ́ mi pé kí n máa dá àgbà lóhùn. Nígbà tó wá ní, "Can you elaborate?", n kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀, mo rò pé ó ń bá mi wí ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Sorry, sir." Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí èsì dé.

Aunty tó ń kọ́ wa ní Ìkòsí kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Bí a bá ti dáhùn ní gbólóhùn kan péré, á gbá tábìlì: "Elaborate!" Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, kí a sọ bó ṣe jẹ́ àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbójú sókè," ó wí fún mi. "Ẹni tó bá dákẹ́ níbẹ̀, wọn ò ní sọ pé ó ní home training. Wọ́n á ní kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni."

"Ṣé kò ní dà bíi pé mò ń rojọ́ lójú àgbà, ma?"

"Ẹ máa rojọ́ náà lọ! Àgbà yẹn gan-an ló fẹ́ gbọ́."

Ó yé mi, ahọ́n mi ni kò gbà. Ohun tó ti mọ́ni lára kì í tètè kúrò.

Lọ́jọ́ ìdánwò, lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin àgbàlagbà kan tó jọ àwọn ìyá ìjọ ló jókòó síwájú mi. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tó wù mí kí n wà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní, "My daughter, ma." Ojú mi ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní, "Could you elaborate?"

Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ nípa eyín ọmọ mi tó hù tí n kò sí níbẹ̀. Mo sọ bó ṣe máa ń di etí mi mú kó tó lè sùn, mo sì sọ nípa "Aunty" tó pè mí. Gẹ̀ẹ́sì mi ń kọsẹ̀, n kò dúró gbé e dìde. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń sọ̀rọ̀ lọ, títí obìnrin náà fi gbọ́wọ́ sókè pé àkókò ti tán.

Mo yege, a sì ti wà pọ̀ báyìí. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ mi fi jìnnà sí mi, ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè pé, "Ọmọ ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà, a dúpẹ́." Wọ́n á ní, "Ọlọ́run ṣeun," ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi o, èmi náà ni kò fún wọn láyè. Àjèjì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí n máa sọ ọ́ lọ. Mo kọ́ ọ̀rọ̀ náà nítorí kí n lè yege. Inú yàrá yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mi.