Àbàwọ́n Tó Ń Rìn Lára Agbádá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán òkùnkùn. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Bódìjà, wọn a kọ́kọ́ wo ojú mi, wọn a wá yíjú sí ọkọ mi, bóyá òun á sọ òótọ́ fún wọn. Ọkọ mi á kàn na ọwọ́ méjèèjì. N ò bá a wí.

Awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan wà lókè réré lójú òfuurufú tó ń ya àwòrán ìràwọ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ kò sí níbi tí ènìyàn lè fi aṣọ nù ún, ó sì ń darúgbó. Ojoojúmọ́ ni ìtànṣán ojú òfuurufú ń ta bá a. Ibi tó bá ti bà á á máa tàn bí ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ìràwọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, lóṣooṣù wọ́n á pa ìpéǹpéjú rẹ̀ dé, wọ́n á ní kó ya òkùnkùn. Ohunkóhun tó bá tàn nínú òkùnkùn yẹn, irọ́ kámẹ́rà ni. Àwa mélòó kan, tí a wà káàkiri ayé tí a ń bá ara wa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, là ń kọ irọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀, kí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lè yọ wọ́n kúrò. Èmi ń ṣe tèmi ní pálọ̀ wa, bí iná bá wà.

Bàbá mi ò gbà pé iṣẹ́ nìyẹn. Ogójì ọdún làwọn fi ya fọ́tò ní Dùgbẹ̀, kí fóònù tó sọ gbogbo ayé di ayafọ́tò, tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù pa tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Wọn a dúró sẹ́yìn àga mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ya òkùnkùn, o tún jókòó tì í?”

Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí n wá pẹ́ńsù. Láyé tiwọn, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń pa ìrorẹ́ ìyàwó rẹ́ lójú fíìmù. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń jẹ́ kí kámẹ́rà náà móoru díẹ̀ lóṣooṣù, àwọn àmì kan á sì pòórá.

“Ẹn-ẹ́n,” ni wọ́n wí, “ẹ̀ ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ bí ìyá ìkókó.”

Ohun kan wà tí Bàbá máa ń ṣe tó ti mọ́ wa lójú. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ nǹkan wò dáadáa, wọn a di ojú òsì, nítorí ojú ọ̀tún ni wọ́n ti fi ń wo inú kámẹ́rà láti ìgbà èwe. Ìbáà ṣe ẹ̀fọ́, ìbáà ṣe àfẹ́sọ́nà ọmọ wọn, ojú òsì á pa dé. Bí wọ́n ṣe wo ọkọ mi nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wa. Ó rò pé wọ́n ń ṣẹ́jú sí òun ni, ó bá ṣẹ́jú padà.

Ọ̀rọ̀ agbádá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdúpẹ́ àwọn àgbà ìjọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Onítẹ̀bọmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá, wọn kì í fi ìdúpẹ́ ṣeré. Alágbàfọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gbé agbádá funfun wọn dé, ó mọ́ tónítóní. Bàbá tẹ́ ẹ, wọ́n di ojú òsì.

“Àbàwọ́n wà láyà rẹ̀.”

Alágbàfọ̀ wò ó. Èmi náà wò ó. A ò rí nǹkan kan.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo?”

“Ojú yìí ni mo fi jẹun fún ogójì ọdún. Gbé e padà.”

Ó gbé e padà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta tó gbé e dé, Bàbá wò ó títí, wọ́n figbe ta. Àbàwọ́n ti kúrò láyà, ó ti dé èjìká.

“Ẹ wá wò ó! Kàkà kó fọ̀ ọ́, ńṣe ló ń tì í kiri!”

“Wọláhì, Bàbá, n ò tì í!”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Bàbá ti ní ojú tẹlifíṣọ̀n dọ̀tí, wọ́n ti ní ògiri dọ̀tí, wọ́n sì ti ní kí ọkọ mi lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ibikíbi tí wọ́n bá tẹjú mọ́, àbàwọ́n náà á wà díẹ̀ sápá ọ̀tún rẹ̀. Ta ló tún yẹ kó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́, bí kì í bá ṣe èmi?

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá tó bí Bàbá fọ́jú kí wọ́n tó kú, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé sì gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé àwọn ọmọ ilé ò fọ abọ́ mọ́ dáadáa.

Mo ní ká lọ ṣàyẹ̀wò ojú.

“Ojú ta ni? Alágbàfọ̀ ni kí o gbé lọ.”

Mo fìbínú sọ̀rọ̀, àwọn náà fìbínú dáhùn. Fún ọjọ́ méjì, “ẹ káàárọ̀, Bàbá” nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣí àwòrán ìràwọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo pè wọ́n.

“Bàbá, ẹ gbà mí. Apá ọ̀run mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, ṣùgbọ́n àmì kan náà wà ní igun kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìràwọ̀ wo nìyẹn?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ìràwọ̀ kẹ̀? Ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ èyí. Bí oníbàárà mẹ́ta bá jókòó, tí àbàwọ́n kan náà wà lára gbogbo wọn, a kì í bú oníbàárà. Kámẹ́rà ni kí o…”

Agbádá náà wà lórí ìlẹ̀kùn níbi tí a gbé e kọ́ sí. Wọ́n yíjú sí i. Mo wá rí ohun tí n ò rí rí láyé mi: Bàbá di ojú ọ̀tún. Wọ́n là á, wọ́n di òsì. Wọ́n tún di ọ̀tún. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó.

“Pàkúté lo dẹ fún mi.”

“Ẹ má bínú, Bàbá.”

“O dẹ ẹ́ dáadáa. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń yẹ ojú wò ní ọsibítù Jẹ́ríkò?”

Dókítà ní àpá wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀tún, pé kò ní lọ mọ́, ṣùgbọ́n a tètè dé, oògùn lè má jẹ́ kó gbòòrò. Ó fún wọn ní bébà onílà bí àwọ̀n, kí wọ́n máa di ojú kan wò ó láràárọ̀, kí wọ́n sì máa sàmì lóṣooṣù síbi tí ilà bá ti sọnù. Bàbá ní òun ní pẹ́ńsù.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kí wọ́n tó wọlé ìjọsìn, wọ́n yà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà àtijọ́ lọ́wọ́. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, fọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ojú òsì ni wọ́n fi yà á, fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, ìdajì orí ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀. Ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀síbẹ̀, ó ní ibi tí àbàwọ́n wà ni Bàbá gé kúrò.

Báyìí, bí oṣù bá ti yí, àwa méjèèjì a jọ jókòó ní pálọ̀, èmi níwájú òkùnkùn mi, àwọn níwájú bébà wọn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi bébà tuntun lé ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Àmì pẹ́ńsù méjèèjì bára mu rẹ́gí. Kò gbòòrò. Inú mi dùn gan-an.

Wọ́n bojú wo kọ̀ǹpútà mi.

“Kámẹ́rà yín ńkọ́?”

“Tirẹ̀ ti pọ̀ sí i, Bàbá.”

Wọ́n mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Bá mi kí i,” ni wọ́n wí. “Òun ò rí ẹni mú un lọ sí Jẹ́ríkò.”