Agbọ̀n Tó Wà Lókè Ààrò Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn kò tíì jẹ́ kí n dá tu ọkọ̀, ìyá mi wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ìjọ Àgùdà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò mọ sórí àdúrà nìkan. Obìnrin tó ń yan ẹja ni gbogbo wọn, bí ọkọ ẹnìkan bá sì bá omi lọ, àwọn ni wọ́n ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n kan afárá pákó tí àwa ọmọdé ń gbà lọ sí ilé ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ lè má mọ̀ pé ìwé kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Orí òpó nínú omi ni ilé wa wà, afẹ́fẹ́ òkun sì ń wọnú àpótí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá mi kó ìwé àti fọ́tò tiwọn sábẹ́ aṣọ. Gbogbo rẹ̀ bu, ó sì lẹ̀ mọ́ra. Ìyá mi kó tirẹ̀ sínú agbọ̀n: káàdì ẹgbẹ́, báàjì, àti fọ́tò tí gbogbo wọn yà pẹ̀lú Fadá lórí afárá náà lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án tán. Ó so agbọ̀n náà rọ̀ sókè ààrò tó fi ń yan ẹja.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ṣé Fadá náà lo fẹ́ yan mọ́ ẹja?”

Ìyá mi kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. “Bàbá wọn, ẹja tí èéfín bá mú, ṣé ó máa ń jẹrà?”

Nígbà tí mo dàgbà, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlú wa. Ó gbé ilé ìwé, ó gbé afárá. Lọ́jọ́ tó kan ilé wa, bàbá mi ti kó àwọ̀n sínú ọkọ̀ tán kí ìyá mi tó ní òun ò ní wọkọ̀ láìsí agbọ̀n òun. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló padà wọlé, omi ti mù ún dé orúnkún, ó sì já a bọ́.

“Fadá rè é o,” ó wí bó ṣe ń gbé e fún un. “Kò tíì jinná.”

Àwọn méjèèjì ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni agbọ̀n náà wà báyìí. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, obìnrin kan wá bá mi. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ni ìyá rẹ̀, ibi tó ti ń bí i ló kú sí, òkun sì ti gbé ilé wọn tòun tẹrù. Kò rí àwòrán ìyá rẹ̀ rí. Mo gbé fọ́tò náà fún un. Ó ti pọ́n bí awọ ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn hàn kedere. Mo tọ́ka sí ẹni tó di òòlù mú, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wò ó, ó wò ó, ó gbé e sí imú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ẹja ló ń rùn.”

“Òórùn ìyá rẹ nìyẹn,” ni mo dá a lóhùn. “Òórùn gbogbo àwọn ìyá wa ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Lóde òní, inú fóònù ni ẹ ń kó fọ́tò sí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, ẹja ló ń gba ibi tí a máa ń gbà lọ sí ilé ìwé tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó fi èéfín tọ́jú fọ́tò náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi tó padà wọnú omi. Òkun gbé afárá náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ojú àwọn tó kàn án gbé.