Táyà Ẹ̀yìn Katakata Làtífù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Làtífù Àkànní jẹ́, ẹ bi mí bó ṣe ń ra nǹkan. Ọkùnrin yìí lè dúró níwájú bàtà méjì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó máa wo èyí, kó máa wo ìyẹn, kó sì wá fi méjèèjì sílẹ̀ lọ sílé. Fàúsátù ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé òun lòun yan aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yìgì wọn, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ì bá má tíì so yìgì títí dòní.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ọdún 1978 ló dé Houston, ìjọba ló rán an wá kọ́ nípa ẹ̀rọ oko. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì àdúgbò Third Ward níbẹ̀ la ti pàdé, èmi Ọláwọlé àti òun, inú apátímẹ́ǹtì kan náà la sì jọ ń gbé. Nígbà tó di 1983, ìjọba tó ń sanwó ìwé wa ò rántí wa mọ́. Èmi ń wa takisí, mo fi parí tèmi. Làtífù ní tiẹ̀ fi ìwé sílẹ̀ nígbà tó ku ọdún kan péré, ó lọ ń ṣiṣẹ́ lóko koríko ẹran lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan ní Cypress, lẹ́bàá Houston. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé òun ò parí. Èmi àti Fàúsátù nìkan la mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ya fọ́tò kan. Ó wọ agbádá tó fi kírun Iléyá, ó lọ dúró ti katakata Massey Ferguson pupa tí bàbá òyìnbó fi ń gé koríko, ó gbé ọwọ́ lé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ga dé àyà rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá. Lọ́dọ̀ wa, ohun téèyàn bá gbé ọwọ́ lé nínú fọ́tò, òun ló ni ín. Kí oṣù kan tó pé, gbogbo àdúgbò ti ń kí bàbá rẹ̀ kú oríire katakata. Làtífù ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn nínú, inú sì bí mi sí i.

Nígbà tí bàbá òyìnbó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Làtífù ra katakata náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí irọ́ lè di òótọ́. Ó ní òun máa fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sílé, òun náà á sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti rí nǹkan tó ń dún gbìrìgbìrì bọ̀ lójú títì, ta ni yóò tún béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ òun?

Ohun kan ṣoṣo ló kù, táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Oòrùn Texas ti pa wọ́n títí ara wọn fi sán. Bí wọ́n bá fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lónìí, wọ́n á ti rọ̀ pẹ̀sẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Táyà méjì péré. Ẹlòmíràn á rà á láàárín wákàtí kan. Ọdún kan àtààbọ̀ ni Làtífù fi ń wá a. Ní Sátidé-Sátidé, èmi ni mo ń fi takisí mi gbé e kiri láti Cypress dé Katy. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ki ìka bọ àárín eyín táyà, á mi orí. Lọ́sẹ̀ yìí, eyín rẹ̀ ò jìn tó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti jìn jù. Wọ́n bá a rí irú èyí tí wọ́n ń lò lóko ìrẹsì nítòsí Katy, ó ní ẹrẹ̀ ìrẹsì kọ́ ló wà n'Ísẹ́yìn, òkúta ni.

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. Mo ní, “Làtífù, àjò kì í dùn kí onílé má relé.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ta ló sọ fún ẹ pé ó dùn?”

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, ẹnì kan tó ti ilé dé mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá fún un. Àwọn bàbá wa tí kò mọ̀ọ́kọ, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí nígbà náà, wọ́n á wá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀. Inú takisí mi la ti gbọ́ ọ. Bàbá wúkọ́, ó kí i títí, ó kí Fàúsátù, ó ní, “Àkànní, a ti hú gbogbo kùkùté orí ilẹ̀ oko wa. Mo ti ní kí àwọn alágbàṣe má wulẹ̀ wá lọ́dún yìí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wàá ti dé.”

Kásẹ́ẹ̀tì parí, ó ń yí lásán. Bí mo ṣe fẹ́ ṣíná ọkọ̀, Làtífù di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Wọlé, mi ò lè mí. I swear, ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Tí mo bá lọ láìgbé e dání, wọ́n á bi mí. Tí mi ò bá lọ, bàbá mi á jókòó ti ilẹ̀ gbígbẹ.”

Mo ní, “Ra táyà, jàre! Kó o lọ!”

Kò rà á. Òjò bẹ̀rẹ̀ n'Ísẹ́yìn, àwa ṣì ń yí Katy ká.

Ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ bàbá òyìnbó ta ilẹ̀ oko náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Wọ́n ní kí Làtífù gbé katakata rẹ̀ kúrò kí oṣù tó parí. Àwọn akọ́lé yìí kan náà rí i níbi tó ti ń yọ́ wọn wò, wọ́n ní bí katakata rẹ̀ bá lè rìn, kó wá máa gé koríko etí títì fáwọn. Kò sí àyè wíwò kiri mọ́. A lọ sọ́dọ̀ àgbàlagbà òyìnbó kan tó ń ta táyà lójú ọ̀nà Hempstead, tí kò kánjú rí láyé rẹ̀. Ó yí táyà méjì jáde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

Ó ní, “Ilẹ̀ wo ló máa tẹ̀?”

Làtífù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ki ìka bọ àárín eyín wọn. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ gbá èyí tó ní eyín gíga. Ó ní ti oko tí wọ́n ń túlẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n bó bá wà lórí títì lójoojúmọ́, yóò máa gbọn awakọ̀ bí ìbà, eyín rẹ̀ ò sì ní pẹ́ jẹ tán. Ó gbá èkejì, tí eyín rẹ̀ gbòòrò tó sì pẹlẹbẹ. Ti koríko àti títì nìyẹn. Bó bá wọ ilẹ̀ oko tó rin, á kàn máa yí lójú kan ni. Kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ó tún béèrè, “Ilẹ̀ wo?”

Òógùn ń ṣàn lójú Làtífù. Ó ní, “Can I take one of each?”

Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní katakata náà á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jíà inú rẹ̀ á sì fọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ sí i lójú lọ́jọ́ yẹn.

Làtífù na ọwọ́ sí táyà pẹlẹbẹ. Ó ní, “Here. It will work here.” Èmi tí mo ti ń pariwo pé kó yan, ṣe ni omi lé sí mi lójú bó ṣe yàn án.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀, ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá ti wọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá sílé àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn torí fóònù náà. Làtífù ní kí n dúró ti òun, Fàúsátù náà jókòó síbẹ̀. Bàbá ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun fi ẹsẹ̀ rìn dé Amẹ́ríkà, gbogbo wa la ń gbọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ forí jì mí,” Làtífù ní. “Táyà tí mo rà, kì í ṣe ti oko yín. Katakata náà ò ní lè wá mọ́.” Ó fi kún un. “Mi ò sì parí ìwé náà, sà.”

Ọdún mẹ́ta ló fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì.

Bàbá ní, “A ti fi ọkọ́ kọ ebè wa. Nígbà tí mi ò rí ẹ, mo ránṣẹ́ sáwọn alágbàṣe, wọ́n wá. Iṣu ti ń hù. Ta ló ń sọ̀rọ̀ katakata? Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìwé? Àkànní, ìwọ ni mò ń wá. Ọwọ́ òfo ni kó o gbé wá. Kí n ṣáà rí ẹ.”

Fàúsátù bú sẹ́kún. Mo gbá Làtífù léjìká, inú mi dùn débi pé mo ti ń ro ẹni tó máa ra katakata náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó dí i lọ́nà mọ́, kò sì sí àwáwí kankan tó kù fún un. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí, ojú rẹ̀ le bíi tẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò ti lè sá.

Ó ní, “Ó di ọdún tó ń bọ̀, Bàbá.”

“Ọdún tó ń bọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

A ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí. Làtífù ò gbé fóònù náà sílẹ̀.