Pákó Abẹ́ Gìgísẹ̀ Àǹtí Mi

"Àǹtí, kí ni pákó yẹn ń ṣe fún yín?"

Mo ṣì kéré nígbà tí mo bi àbúrò màmá mi ní ìbéèrè yìí. Onítáìlì ni wọ́n. Lórí ìlóṣòó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń tán. Kí wọ́n tó lóṣòó, wọ́n á kọ́kọ́ ti pákó kékeré kan sábẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún. Àǹtí kàn ní kí n lọ bu omi wá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàtà gogoro ni wọ́n wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Àǹtí á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ńṣe ni pákó náà ń nípọn sí i, iwájú ọrùn ẹsẹ̀ wọn kò sì yé dùn wọ́n. Wọ́n fi ìpara pa á títí, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn ní tí wọn ò bá lè lóṣòó mọ́, kí wọ́n bọ́ sídìí pípo sìmẹ́ǹtì, kí ẹlòmíràn máa lẹ táìlì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n wọ akínyẹmí ara. Màmá mi bá fà wọ́n lọ sílé ìwòsàn, mo sì tẹ̀lé wọn.

Dókítà obìnrin kan ní kí wọ́n lóṣòó bí ìgbà tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí bọ́ bàtà, wọ́n ti ọ̀kan sábẹ́ gìgísẹ̀, wọ́n sì lóṣòó. Wọ́n ní kò dun àwọn. Dókítà wo bàtà, ó wo Àǹtí.

"Ẹ yọ bàtà yẹn, mà. Ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ kan ilẹ̀."

Wọn ò tíì lóṣòó dé ìdajì tí ojú wọn fi yí padà. Dókítà fi àtàǹpàkò tẹ iwájú ọrùn ẹsẹ̀ náà, ibẹ̀ gan-an ni. Ó béèrè bóyá ẹsẹ̀ yẹn ti rọ́ rí. Màmá mi ló dáhùn pé nígbà tí Àǹtí ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ìwé, àìmọye ìgbà ló rọ́, aṣọ ni wọ́n á fi dì í, wọ́n á sì padà sórí pápá. Fọ́tò egungun tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ tú àṣírí: egungun ti yọ ṣóńṣó síwájú oríkèé náà bí ẹnu ẹyẹ. Dókítà ní rírọ́ àtijọ́ àti ìlóṣòó ojoojúmọ́ ló fà á. Bí wọ́n bá ti lóṣòó, egungun á há ẹran ibẹ̀ mọ́ àárín. Bí pákó bá gbé gìgísẹ̀ sókè, àyè á wà díẹ̀.

Ìsinmi àti eré ìdárayá kò tó, àwọn dókítà ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí, kí wọ́n gé ṣóńṣó náà kúrò. Ó pẹ́ kí Àǹtí tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lẹ táìlì sí yàrá ìkàwé tuntun ilé ìwé wa, láti ara ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, gìgísẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé ọ̀gá fúnra wọn ló ń po sìmẹ́ǹtì fún wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ tán, Àǹtí yọ pákó náà látinú àpò irinṣẹ́, wọ́n nà án sí mi.

"O bi mí léèrè nígbà kan," wọ́n ní. "Ó ń bá mi fi ìrora pamọ́ ni, mo wá ń ṣe bí ẹni pé ara mi yá. Gbà, kó o máa fi há ilẹ̀kùn."