Iná Tó Wà Lẹ́yìn Eruku

"Àwòrán kan kò tó." Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin nìyẹn, á sì máa fi etí ìró nu awò ojú rẹ̀. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń kọ́ni ní yunifásítì, ṣùgbọ́n Kábà, ìlú wa, ló ti máa ń lo ìsinmi ọyẹ́.

Mo bi í nígbà kan pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó nawọ́ sí òkè tí eruku ọyẹ́ bò.

"Agbo ìràwọ̀ mìíràn wà tí ihò dúdú ńlá ń jẹun láàárín rẹ̀. Ohun tó ń gbé mì á máa jó làù, ṣùgbọ́n eruku bò ó. Lójú lásán, á dà bíi pé ó ń sùn. Ẹsiréè, irú èyí tí ọsibítù fi ń ya egungun, ló ń la eruku kọjá. Bí àwòrán ojú lásán àti ti ẹsiréè bá ta kora, a ti rí i mú nìyẹn."

Bí a bá kí i ní "Okun o," bí a ti ń kí ara wa ní Kábà, ìdáhùn rẹ̀ á gba gbogbo agbo ilé. Lọ́yẹ́ tó kọjá, ó rù, ó ń wúkọ́.

"Ọyẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí fún bàbá mi. Ohùn rẹ̀ ṣì le, a gbà á gbọ́.

Ìgbà tí àìsàn náà le tí a gbé e dé ọsibítù, dókítà gbé àwòrán ẹsiréè àyà rẹ̀ sójú fèrèsé, ó nawọ́ sí ibi tí àìsàn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Bàbá mi béèrè pé, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, bàbá," ni dókítà dáhùn.

Ọyẹ́ ti tún dé. Bí bàbá mi bá kí èèyàn ní "Okun o," tí onítọ̀hún sì dáhùn, kì í kọjá mọ́. Á dúró, á wò ó lójú dáadáa. Ẹni tó yẹ ká wò bẹ́ẹ̀ ti lọ.