Omi fún Ẹni Tó Ru Àgbélébùú

Mo ń yan gàrí lọ́wọ́ ní àtíbàbà wa ní Lálúpọn, lọ́jọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí ìyá tó ń kọ́ wa lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì sáré wọlé.

"Ìyàwó, dìde. Ọkọ ẹ ṣubú lójú títì, kò dìde mọ́. Wọ́n ṣì ń nà án."

Ọkọ mi ló ń ṣe Jésù nínú eré tí ìjọ wa máa ń ṣe yí ìlú ká. Látìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ti ń gbààwẹ̀, kò fẹnu kan omi. Ó ní ẹni tó bá máa ṣe Jésù gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe rí lára. Igi tíìkì tútù ló fi kan àgbélébùú, bẹ́ẹ̀ káfíńtà ní kó lo pákó fífúyẹ́. Mo bá a jà títí ó fi rẹ̀ mí.

Mo fi gàrí sílẹ̀ kó jó. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ti kọ́kọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde, bí eré ṣe wí. Wọ́n rò pé èyí náà wà nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe sójà ń fi àtòrì nà án lẹ́sẹ̀. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró létí kòtò, kò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀.

Mo já wọ àárín wọn. Ètè ọkọ mi ti funfun, ojú ẹ̀ ti yí. Mo gba ike omi lọ́wọ́ ẹnì kan.

Bàbá ìjọ tó ń darí eré gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó, má ba eré jẹ́. Jésù fara dà á."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi mí sílẹ̀. Ṣebí nítorí tiwa ló ṣe fara dà á? Èwo ni ká tún pa ẹlòmíì kún un?"

Ọ̀kan nínú àwọn sójà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọkọ mi, ó sọ àtòrì nù, ó bá mi gbé igi kúrò lára ẹ̀. Mo ń ta omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń dà nù. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

Ìyá tó ń kọ́ wa lórin mú ọmọ wa lọ sílé. Ọlọ́kadà gbé èmi àti ọkọ mi lọ sílé ìwòsàn, mo dì í mú látẹ̀yìn. Wọ́n fa omi sí i lára. Ìrọ̀lẹ́ ló tó sọ̀rọ̀: "Òùngbẹ ń gbẹ mí láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni." Inú bí mi, síbẹ̀ mo ń nu ètè ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ọmọ wa bi mí léèrè: "Màámi, ṣé ẹni tó ń ṣe Jésù ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni?"

Mo gbé e sórí ẹsẹ̀. Mo ní, "Jésù fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lórí igi ló ti sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, gbogbo wọn sì gbọ́. Ó jìyà torí wa, àmọ́ kò díbọ́n pé kò dun òun. Bí nǹkan bá ń dun ìwọ náà, sọ fún mi. Màá dá ọ lóhùn."